Etí Erin Tí Aláago Ní Òun Mu

Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí ló ní kí n bá òun sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́, àmọ́ tí òun bá ti dé ibi tí ìyá ìyàwó òun ti wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí tútù, ṣe ni bírò máa ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún èmi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó sọ ọ́ dópin ni mo rí i pé ẹ̀rín mi ti pọ̀ jù. Bó ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́, n kò sì ní gbè é.

Aago ni ó ń tún ṣe, òun ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Aláago. Láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń jókòó sídìí tábìlì kan tí kò fẹ̀, awò kékeré há sí ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó ń fi ẹ̀mú mú ìṣó tí ẹlòmíràn kò lè rí. Ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ náà jókòó. Inú rẹ̀ á dí fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, á wú débi pé á tú bẹ́líìtì kó tó lè tẹ̀ síwájú tábìlì.

Ilé olókè kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Àwọn méjèèjì wà lókè, àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bàbá ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lára wọn. Tí ẹ bá kí wọn tí ẹ ò gbọ́ ìdáhùn, ẹ wo ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó wà nínú àpò.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wọn jọ ń jẹ ìrẹsì nísàlẹ̀. Aláago jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, kí ló dé?" Màmá bi í.

"Inú mi ló dí, Màmá. Ọjọ́ karùn-ún rèé."

Ó yẹ kó ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn létí Màmá ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé nìyẹn.

Màmá ní ìkòkò etí erin mẹ́sàn-án lórí bákónì, ewé rẹ̀ ki pọ́pọ́, ó ní ẹ̀gún létí. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé òun gan-an ni àwọn tó ń tà á nínú ìgò ń pè ní alofẹ́rà, pé ó dára fún ikùn tó bá ń ṣàìgbọ́ràn. Wọn kò ì tíì rí ẹni tí wọ́n máa dán an wò lára rẹ̀. Wọ́n dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú rẹ́jísítà jáde.

Rẹ́jísítà gidi ni o, èyí tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Wọ́n kọ "Aláago" sí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n to ọjọ́ kìn-ín-ní dé ogójì sókè ìwé.

"Ife kan lójúmọ́," ni wọ́n wí. "Tó bá wá, máàkì pupa. Tí kò bá wá, òdo."

"Kí ló máa wá, Màmá?"

"Ìwọ náà mọ ohun tó yẹ kó wá."

Bàbá tẹjú mọ́ ìrẹsì tiwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá gé ewé méjì, wọ́n jù ú sínú bùlẹ́ńdà pẹ̀lú èèpo àti omi yẹ́lò tó ń ro lára rẹ̀. Ọmọ wọn ní, "Màmá, ẹ ò ní bó o?" Wọ́n ní ara èèpo ni agbára wà. Wọ́n fi atalẹ̀, kànáfùrù àti oyin díẹ̀ sí i. Oyin náà kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Aláago ní òun kò tíì fi ẹnu kan ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ó ń yọ̀, ó ń fà, ó sì korò. Màmá dúró tì í títí ó fi gbé ife náà mì tán, wọ́n ní kó la ẹnu kí àwọn wò ó.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Aláago tú u, ó to inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ibẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Kì í ṣe kíkùn lásán, adájọ́ gan-an gbọ́ ọ.

"Ṣé aago náà ló dún?" adájọ́ bi í.

Aláago ti sáré jáde, awò ṣì wà lójú rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù jọ ń lò wà lẹ́yìn, ó sì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó bẹ́ wọlé onídìrí bí ọlọ́pàá, ó na ọwọ́. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i láìbéèrè.

Ẹ̀ẹ̀méje ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa padà ní ìkarùn-ún, adájọ́ ti kó aago rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ sínú áńkáṣíìfù, ó ti lọ.

Ó búra pé òun kò ní fi ẹnu kan nǹkan náà mọ́. Ó pinnu pé tí òun bá délé, òun á là á mọ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tó dé, Màmá ti jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, rẹ́jísítà wà lórí itan wọn, bírò pupa wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ń dán bíi ti ọmọdé tí wọ́n ṣèlérí nǹkan fún.

"Ikùn ńkọ́?"

Ojú yẹn ló pa á. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì, òun kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó wá, Màmá."

Wọ́n fa máàkì pupa kan. Wọ́n fi rúlà fà á.

Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù nínú fúláàsì, kí òun lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Màmá gbà. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó wò yíká, ó tú ìdérí, ó ti tẹ fúláàsì sí gọ́tà nígbà tí onídìrí yọrí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ dà nù un?"

"Etí erin ni. Ti ikùn mi."

"Ẹ má dà á nù o. Nǹkan tí à ń wá kiri fún irun nìyẹn. Ẹ gbé e wá."

Ẹ wò ó, báyìí ni ẹ̀ṣẹ̀ ń rọrùn nígbà mìíràn. Ó gbé fúláàsì fún un. Ní ọ̀sán, obìnrin náà dá a padà ní òfìfo, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Nígbà tí Màmá rí i, wọ́n ní, "Ẹ wo bó ṣe fọ fúláàsì. Ọkọ ọmọ mi mọ̀wàá hù."

Láti ọjọ́ náà lọ, aago méje àárọ̀ ni Màmá máa ń pe rẹ́jísítà. Wọ́n á dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Aláago á dúró sókè bí ọmọ kíláàsì kẹta.

"Aláago."

"Mo wà níbí, Màmá."

"Ikùn ńkọ́?"

"Ó ti wá, Màmá."

"Ní aago mélòó?"

Ibí yìí ló ti ṣìṣe. Ẹlòmíràn á ní "láàárọ̀ yìí," á sì ti tán síbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àkókò tí kò pé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Ó ní, "Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún." Màmá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì.

Ní ọjọ́ kejì Màmá tún bi í. Ẹ̀rù bà á pé òun lè gbàgbé tí òun bá yí i padà, ó tún ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí ní ọjọ́ kẹta, àti ìkẹrin. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́, torí ilé búrẹ́dì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ti máa ń jáde láti aago márùn-ún. Ní ti ikùn rẹ̀ gan-an, ó ṣì dí pa. Nígbà mìíràn ó máa ń fi ọwọ́ di àtẹ̀gùn mú, kí Màmá má bàa rí i pé ó ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Bàbá mú awò wọn, wọ́n ní kí Màmá jẹ́ kí àwọn wo rẹ́jísítà. Wọ́n fi ìka tọ́ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Màmá yín," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń pe ìyàwó wọn, "ẹ wo ọmọ yìí. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin, n kò dé ibì kankan ní ìṣẹ́jú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ikùn rẹ̀ ti ṣe é fún ọjọ́ mẹ́tàlá."

Omi fẹ́ yọ lójú àgbàlagbà náà. Ẹni tó bá mọ bí Bàbá ṣe fẹ́ràn tàìmù tó á mọ̀ pé wọn kò ṣeré. Wọ́n ní tí etí erin bá lè tún inú ènìyàn ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí Màmá kọ orúkọ tiwọn náà sí i.

Màmá kọ "Bàbá" sí ìlà kejì.

Bàbá mu tiwọn lóòótọ́. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n mu ún lójoojúmọ́ tèèpo-tèèpo, máàkì sì ń dà wọ ìlà wọn: mẹ́ta lóòjọ́, mẹ́rin, lọ́jọ́ kan ó di mẹ́fà. Ṣòkòtò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìbàdí. Àmọ́ ohun tó ń dùn wọ́n kì í ṣe èyí. Wọ́n fa Aláago sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò etí erin.

"Tèmi kò ní tàìmù," ni wọ́n sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Báwo lo ṣe ń ṣe tìẹ?"

Kí ni kó sọ? Ó ní, "Ẹ máa mí jẹ́jẹ́, Bàbá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́jẹ́.

Lọ́wọ́ kan náà, ìròyìn onídìrí ti ń lọ káàkiri. Irun àwọn obìnrin ń dán, ó ń rọ̀, wọ́n ń jókòó dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Aláago. Obìnrin náà kò sọ ohun tó ń fi sí i fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti di aago mẹ́jọ ku díẹ̀, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí Aláago pẹ̀lú ẹ̀rín. Tí Aláago bá pẹ́, á jáde sí títì lọ wò ó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn tó ń ra búrẹ́dì máa sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kẹrìnlélógún, torí pé ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin yìí ń tìtorí rẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fò ó.

Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Wọ́n gbé ike kékeré kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ike olójú méje, ojú kan fún ọjọ́ kan. Aláago mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni Bàbá ń tọ́jú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń lo oògùn náà.

"Gbà," ni Bàbá wí. "Wàá lè máa to àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ rẹ sínú rẹ̀. N kò lò ó mọ́."

"Oògùn inú rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Mo ti pa á tì. Kí ni mo tún ń gbé hóró mì fún? Mo wo ìlà rẹ nínú rẹ́jísítà, mo ní tí ewé lè ṣe ọmọ yìí báyìí, á ṣe ara mi ní gbogbo ọ̀nà. Ìwọ lo là mí lójú."

Aláago la ẹnu rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n òun: Bàbá, ife kan ni mo mu. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Ó rò ó pé tí òun bá sọ ọ́, Màmá á gbọ́, wọ́n á bi òun ibi tí omi inú fúláàsì ń lọ, ọ̀rọ̀ onídìrí á yọjú, ìyàwó òun á gbọ́, gbogbo ilé á dàrú. Obìnrin kan wọlé láti wá ra bátìrì. Ó yíjú sí obìnrin náà. Nígbà tó fi máa yíjú padà, Bàbá ti ń lọ.

Ó kó ìṣó sínú ike náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́la.

Ọ̀la tó ń wí di ọjọ́ mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ló ń ṣí ike yẹn.

Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti ilé búrẹ́dì dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Kò bá a sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Màmá, wọ́n ní ọkọ mi ń gbé tíì fún onídìrí láràárọ̀. Nínú fúláàsì. Wọ́n ní obìnrin náà máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà."

"Nínú fúláàsì wo?"

"N kò mọ̀, Màmá. Fúláàsì mélòó la ní?"

Màmá ronú. Wọ́n ní kó lọ bọ́jú, kó má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. "Ọ̀la ni n ó lọ ṣe irun," ni wọ́n wí.

Onídìrí kò mọ Màmá rí. Ó rí ìyá arúgbó kan tó wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá lọ́wọ́, ó kí i tayọ̀tayọ̀, ó mú un jókòó, ó fi orí rẹ̀ tì sẹ́yìn sínú básíà.

"Màmá, ẹ ní oríire lónìí. Mo ní omi kan tí kò sí lọ́dọ̀ onídìrí kankan. Ìgò àkọ́kọ́ tòní ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lórí yín."

Ó dà á. Màmá ti di ojú. Wọ́n gbọ́ òórùn kànáfùrù. Wọ́n gbọ́ ti atalẹ̀. Wọ́n la ojú kan.

"Ọmọ mi, ta ló ń ṣe omi yìí fún ọ?"

"Ọkùnrin rere kan ni, Màmá. Aláago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Ó ní ìyá kan ló ń fi dandan fún un mu ún nílé, pé ó korò bí nǹkan míì. Ó ti ń gbé e wá láti oṣù tó kọjá. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pa á mọ́ ọn dáadáa."

Màmá dìde. Wọn kò fara balẹ̀.

Lásìkò kan náà, Bàbá wà nínú ṣọ́ọ̀bù Aláago. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, wọ́n ní ojú ń ṣú àwọn díẹ̀, àwọn fẹ́ sinmi. Aláago tẹ̀ mọ́ aago kan. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni omi tó ń ro tó, tó, tó sórí ilẹ̀. Ó gbójú sókè pẹ̀lú awò lójú, orí Màmá sì kún inú awò náà, ó tóbi, ó rí ràkọ̀ràkọ̀, ewé wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ irun funfun wọn.

Màmá kò pariwo. Ì bá dáa kí wọ́n pariwo. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n yọ rẹ́jísítà kúrò nínú báàgì, wọ́n yọ bírò pupa.

"Aláago."

"Mo... mo wà níbí, Màmá."

"A ó tún rẹ́jísítà pè. Ọjọ́ kìn-ín-ní."

"Ìyẹn wá, Màmá. Ẹ̀ẹ̀méje."

"O ò sọ pé ẹ̀ẹ̀méje fún mi. Ọjọ́ kejì."

"Kò wá, Màmá."

Màmá fa ìlà lórí máàkì náà, wọ́n kọ òdo. Omi ro lára wọn sórí ìwé, wọ́n fi ọwọ́ nù ún. "Ọjọ́ kẹta."

"Kò wá."

"Ọjọ́ kẹrin. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lo pè é fún mi."

"Kò wá, Màmá."

"Ọjọ́ kẹfà."

"Ó wá díẹ̀, Màmá. Àmọ́ kì í ṣe etí erin ló mú un wá."

Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti dìde, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn ní táwẹ̀lì lórí, onídìrí wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ń fetí sí i bí wọ́n ṣe ń ka ikùn ọkùnrin kan láti ọjọ́ dé ọjọ́. Aláago ní bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, òun ì bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ọjọ́ kọkànlá."

"Kò wá, Màmá."

"Ọjọ́ kejìlá."

"Bàbá," ni Aláago wí.

"Bàbá kọ́ ni mo pè. Ọjọ́ kejìlá."

"Màmá, ẹ wo Bàbá."

Bàbá ti ń yọ̀ kúrò lórí àga wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdún, ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Wọ́n ti ń mí jẹ́jẹ́ jù. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti wà nílẹ̀.

Rẹ́jísítà bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Aláago ti ike olójú méje náà ṣubú, ìṣó fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ó ń wá hóró oògùn láàárín ìṣó, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Onídìrí ló dá takisí dúró. Obìnrin mẹ́rin pẹ̀lú orí tútù ló bá wọn gbé Bàbá wọ inú ọkọ̀.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tó ṣì kéré ló gbà wọ́n. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó wò ó, ó tún un wọ̀n.

"Kí ni Bàbá jẹ tàbí mu lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Màmá wo Aláago. Omi etí erin ti gbẹ mọ́ orí wọn, irun náà ti le gan-gan. Aláago ló sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú nọ́ọ̀sì méjì àti ọkùnrin tó ń nulẹ̀: etí erin, rẹ́jísítà, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, irun, oògùn tí Bàbá pa tì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkùnrin tó ń nulẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Dókítà ní omi yẹ́lò tó wà lábẹ́ èèpo ewé náà ló ń ṣí inú tó bẹ́ẹ̀, pé ó ti fa omi àti iyọ̀ ara Bàbá gbẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì tún ti dáwọ́ dúró lé e. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ míì là ń sọ.

"Màmá," ni ó bi wọ́n, "ẹ̀yin náà ti mu ún rí?"

"Èmi kẹ̀?" ni Màmá wí. "Kò sí ohun tó ṣe ikùn tèmi."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Màmá bo ojú wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyàwó Aláago gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, kò wo ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá Bàbá dúró. Bàbá bọ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Màmá fún onídìrí ní ìkòkò mẹ́sàn-án náà, ó wá kó wọn fúnra rẹ̀. Ìyàwó Aláago tilẹ̀ ti lọ ṣe irun níbẹ̀. Dókítà fún Aláago ní oògùn ikùn tó mọ́yán lórí, ó ní kó máa mu omi, kó máa dìde rìn káàkiri, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń rọrùn. Ó ní kí n sọ fún yín pé tí wọ́n bá fún yín ní ohun tí ẹ ò lè mu, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí òun fẹ́ kí ẹ mú.

Èmi rò pé ẹ̀kọ́ náà kù díẹ̀. Irọ́ etí erin, gbogbo wọn ti dárí rẹ̀ jì í.

Ní ọjọ́ tí Bàbá lajú dáadáa ní ọsibítù, Aláago nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bàbá wò ó pẹ́.

"Nígbà tí mo gbé ike yẹn fún ọ, tí mo ní ìwọ lo là mí lójú. Ṣé o ti mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀ pé mo ti pa oògùn tì."

"Mo mọ̀."

Bàbá mi orí. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo ti dárí jì ọ́." Wọ́n sì ti dárí jì í lóòótọ́, wọn kì í ṣe ẹni tí ń di kùnrùngbùn. Wọ́n ń bá a jẹun, wọ́n ń bá a ṣeré.

Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà. Láràárọ̀, tí Aláago bá sọ̀ kalẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Bàbá kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ dìde, wọ́n á lọ ṣí aṣọ fèrèsé, wọ́n á wo ìta bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́, kí wọ́n tó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi." Aláago á ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, á máa dúró.